Ìrẹsì Jí Apirọrọ

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí Adó-Èkìtì lásìkò ìbò. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ì bá fi kún un pé bí àpò ìrẹsì olóṣèlú bá dún gbì lẹ́nu ọ̀nà, apirọrọ á dìde fúnra rẹ̀, á tún bèèrè pé adìyẹ ńkọ́.

Ẹ wo ọdún 2014. Gómìnà Èkìtì, Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọ̀mọ̀wé tó gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù, ń sọ̀rọ̀ títì àti owó oṣooṣù àwọn arúgbó. Ayọ̀délé Fáyóṣe tó ń bá a du ipò, ní tirẹ̀, ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń gun ọ̀kadà. “Ará wa ni!” là ń pariwo. Ará wa tó ti ṣe gómìnà láti 2003 títí di 2006! Ọmọdé tó fi yanrìn gúnyán mọ̀ pé yanrìn ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń díbọ́n pé òun ń bu òkèlè náà mọ̀. Fáyóṣe díbọ́n pé mẹ̀kúnnù lòun, àwa náà díbọ́n pé a gbà á gbọ́. Ní June 21, ó ní ìbò 203,090, Fáyẹmí ní 120,433. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó gorí àga, ó yan olùrànlọ́wọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ikùn ará ìlú. Àwàdà kọ́ o.

Ìgbà tó di ìbò 2018, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ gbèsè, ni orin yí padà: “Dìbò kó o sebẹ̀.” Àwọn oníròyìn ní owó ìbò kan tó 5,000 náírà níbòmíràn. Ẹ pín in sí ọjọ́ ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lóòjọ́. Ọbẹ̀ wo nìyẹn? Omi ata pàápàá kọ́.

Mi ò dá ẹni tébi ń pa lẹ́bi. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni mo ń bá wí, àwọn tí agboolé fi ń yangàn, tí wọ́n gba tiwọn sínú àpòòwé tí wọ́n pè é ní owó ọkọ̀. Àwọn gan-an ni apirọrọ.

Ẹ̀yin ará Adó, olóṣèlú tó bá tún bá yín jókòó nídìí àgbàdo, ẹ gbowó àgbàdo yín pé, kí ẹ sì bi í bóyá á máa san owó oṣù àwọn tíṣà lásìkò.