Ìyá Àgbà Tó Ń Kú Lọ́dọọdún
Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi náà wà lára àwọn tó gbà pé òfin ìsinmi tó le koko ló yẹ ilé iṣẹ́ kékeré. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ jẹ, àfi tó bá ń ṣàìsàn tàbí tó bá ṣòfò." Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Mo kàn gbàgbé pé Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni a kì í bọ nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ Ifẹ̀ pé àìsàn àti òfò nìkan ni àwáwí tí òun ń gbà, ó ti kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò pa nìyẹn. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, ibà á gbòde láti Lágéré dé Sábó. Ìyá àgbà tí a sin lóṣù Ẹrẹ́nà á tún kú lóṣù Ọwẹ́wẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ sì ti tán á yá ti aládùúgbò. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe òpùrọ́ tẹ́lẹ̀ o. Irú òfin tí mò ń gbè lẹ́yìn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá kò le tó tèmi. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Ti ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 jẹ́ 12. Ẹni tó bá ṣàìsàn lè gbowó ọjọ́ 12 lọ́dún bí dókítà bá kọ̀wé sí i. Aláboyún lè fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: òfin bèèrè ìwé lọ́wọ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n kò bi ẹni tó ń lọ sinmi léèrè ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Bí ilé iṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 10, tó ní kó kàn dárúkọ ọjọ́ tó fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ló tún kù tí a ó fi pa ìyá àgbà sí?

Àwọn kan á ní ilé ìtẹ̀wé tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin kì í ṣe Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹni méjì bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ dákẹ́ nìyẹn, oníbàárà tó wá gba ìwé ètò ìsìnkú (ti òkú tó kú lóòótọ́) á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo aago. Ṣùgbọ́n ṣé òfin líle wá dá wọn dúró ni? Wọ́n ń lọ náà ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọ̀gá ń gbọ́, lórí fóònù, pẹ̀lú ikọ́ tí kò jọ ikọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú á rí adelé wá.

Ẹlòmíràn á ní òun kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kí ló kan òun kan Ọlọ́jọ́? Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí a kọ orúkọ ọdún kankan sínú òfin. Onígbàgbọ́ á lo tirẹ̀ fún àgọ́ àdúrà, Mùsùlùmí á fi kún ọjọ́ Iléyá, ẹni tó bá fẹ́ á lọ wo Ọọ̀ni nínú adé Àre lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ máa ń wọlé lọ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú Ọlọ́jọ́, a kì í rí i sójú, ààfin kò sì tìtorí ìyẹn wó. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ iye ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni ibi tó ń lọ.