Ọkọ Ìyàwó Olórí Méjì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ògiri létí, ti ilé tiwa yìí sì tún lẹ́nu. Ṣé ẹ ti rí fọ́tò tí Brọ̀dá Fọ́tò gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀? Ẹni tí kò bá tíì rí i, kó yáa sáré lọ kí ìyá ìyàwó tó wá já a lulẹ̀. Orí méjì ni ọkọ ìyàwó ní nínú ẹ̀. Méjì gedegbe, ihò imú mẹ́rin!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinyìí kì í ṣègbéyàwó kí wọ́n má kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò síbi tí ẹsẹ̀ bàbá wọn ò dé rí. Ìyàwó yìí, ọmọ Ìyá Aláṣọ, ní gbogbo ọgbà tó wà n'Ìbàdàn ló ti gbó lójú èèyàn. (Ọmọ yẹn náà ló lé ọmọkùnrin kan dànù lọ́dún èṣí torí pé bàtà ẹ̀ ò dán. Ẹ rán mi létí lọ́jọ́ mìíràn.) Ó ní Olúmirin lòun ń lọ, ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Nínú oṣù kẹsàn-án, tí òjò ti fún omi lágbára tán! Àbúrò mi ló gbé báàgì àtíkè tẹ̀ lé wọn, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́, n ò bu iyọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ díẹ̀.

Ipele méje ni omi yẹn ní lórí àpáta. Ti àkọ́kọ́ ní àtẹ̀gùn, ẹni tó wọ bàtà gogoro á ṣì lè tò ó lọ. Ìyàwó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ti ya tiẹ̀ níbẹ̀, ipele kejì lòun ń gùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún gun àpáta tó ń yọ̀. Gèlè wà lórí ní gbogbo àsìkò yẹn o.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ariwo omi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra. Brọ̀dá Fọ́tò ń fọwọ́ júwe, ọkọ rò pé ó ń kí òun, ó ń juwọ́ padà. Eruku omi wá ń fẹ́ lu kámẹ́rà. Kó tó nù ún tán, ó ti bò ó. Aṣọ ìnukámẹ́rà rin, ó bọ́ singiléètì, òun náà rin, ló bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Ìyàwó, ẹ yá mi létí gèlè yín.” Ojú tí ìyàwó fi wò ó! Ìgbà yẹn ló tó gbọ́n, tó da ojú kámẹ́rà dé ilẹ̀ títí gbogbo wọn fi dúró tán.

Ìyàwó ní omi funfun tó rọ̀ lòun fẹ́, irú èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kámẹ́rà ẹ̀ á la ojú sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí omi lè ṣàn kọjá níwájú ẹ̀. Torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á pọ̀ jù, wọ́n á fi gíláàsì dúdú bò ó lójú, wọ́n á gbé e ka igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó má mì. Èèyàn tó wà níwájú ẹ̀ náà ò sì gbọ́dọ̀ mì. Ọkọ dúró ṣinṣin títí ó fi dé àárín, ló bá sín. Ìgbà tí kámẹ́rà máa fi pajú dé, orí ti wà léjìká ìyàwó.

Bàbá onílé wa, tó jẹ́ tíṣà jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, ní kí a má bú Brọ̀dá Fọ́tò. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í dákẹ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní lọ́dún 1862, James Chapman àti Thomas Baines fi kẹ̀kẹ́ màlúù gba aṣálẹ̀ Kalahari lọ síbi tí odò Zambezi ti ń já sínú ọ̀gbun, láàárín Zambia àti Zimbabwe òde òní. Omi yẹn fẹ̀ ní mítà 1,708, ó ga ní 108, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Mosi-oa-Tunya. Chapman gbé kámẹ́rà dání, Baines gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò omi tí Chapman yà, pàbó ló já sí. Baines kun tiẹ̀, ìwé àwòrán ẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1865. Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n san bàláǹsì Chapman. Wọ́n ní kí n lọ dáná.

Bàbá tún ní títí dòní, tí odò Zambezi bá kún nínú oṣù kẹrin, eruku omi á bo gbogbo ibẹ̀, kámẹ́rà olówó ńlá á máa ya funfun lásán. Ìgbà tí agbára omi pọ̀ jù gan-an ni fọ́tò ẹ̀ ṣòro jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo rí àwọn fọ́tò yòókù, tí ọkọ ò ti sín. Omi tí kò jẹ́ kí èèyàn mẹ́fà gbọ́ra, wọ́n yà á, ó wá rí bíi léèsì tí wọ́n ta sórí okùn. Ta ló máa wo ìyẹn tí á mọ̀ pé ó ń bú ramúramù? Brọ̀dá Fọ́tò ya ẹyọ kan tí kámẹ́rà fi pajú kíá, ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀kán omi dúró lófuurufú lọ́kọ̀ọ̀kan, àtíkè ń ṣàn lójú ìyàwó, ọkọ la ẹnu gbàgà. Ibẹ̀ ni mo ti rí omi. Ìyàwó ní kó pa á rẹ́.

Ìyá Aláṣọ ò san bàláǹsì, ó ní òun ò bí ọmọ fún iwin. Ìbínú yẹn ni Brọ̀dá Fọ́tò fi gbé olórí méjì kọ́ síta. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọkọ fúnra ẹ̀ yọ́ wá lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó sanwó férémù ńlá, ó ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó òun? Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ti wá, wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn náà fẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo rí Brọ̀dá Fọ́tò níwájú ìsọ̀ ìyá tó ń ta aáṣà, ó ń yọ́ bi wọ́n léèrè èyí tó ń ta jù. Ọmọ tí kì í fín aáṣà!