Ẹ Béèrè Ọ̀tún

Ẹni tó ń gba yàrá nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ máa ń wádìí apá tí oòrùn yóò wà. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ Èkó ní Challenge, n'Ìbàdàn, kàn ń jà sí ojú fèrèsé ni. Bẹ́ẹ̀, gúúsù ni Èkó wà sí Ìbàdàn: láàárọ̀, òsì ni oòrùn yóò ti máa yan èrò bí àgbàdo. Ẹ ní ará ọ̀tún náà yóò jẹ tirẹ̀ nírọ̀lẹ́? Rárá o. Bí ọkọ̀ bá ti kọjú sílé, ìwọ̀-oòrùn ló tún bọ́ sí òsì. Ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù wà? Èyí tí wọ́n ń pa nítorí epo ńkọ́? Láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Bóyá ìyẹn ló fi ń kanra.