Ẹ Pa Á, Ẹ Tún Un Tàn

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dákú nílé wa, ráútà la ń bú. Mo pa á, mo kà dé 30, mo tún un tàn. Iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí mi. Mo pe àwọn tó ń ta dátà fún wa. Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Ẹ ṣé o!

Ìyàwó mi ló rí ìdí ọ̀rọ̀: Màmá ti gbé e sẹ́yìn fìríìjì, wọ́n ní iná rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn sùn. Irin sì ni fìríìjì, Wi-Fi kì í gbà á kọjá, pàápàá ti 5 GHz tí ògiri lásán ń dá lágara. A gbé e padà sí pálọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá ti fi gèlè bò ó.