Ta Ló Ni Ọmọ Yìí?

Ẹni tó bá ti ní fèrè, kóònù mẹ́rin àti jẹ́sì tí wọ́n ya idì sí láyà, ó ti dá akádẹ́mì bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nìyẹn. Láti Ìjàrẹ́ dé Àkúrẹ́, pápá ilé-ìwé ni wọ́n máa ń pín lò nírọ̀lẹ́. Kóòṣì apá òkè á máa wo ọmọ kóòṣì apá ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo àgbò Iléyá.

"Mọ́mì, ẹ má dá wọn lóhùn o. Lọ́dọ̀ tiwa, Yúróòpù ló kù."

Owó fọ́ọ̀mù lẹ máa kọ́kọ́ san ṣá. Ti jẹ́sì lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sunshine Stars wà ní Àkúrẹ́ níbí, àmọ́ ta ló ń fi ìyẹn tan òbí?

Ìjà àwọn kóòṣì yìí nídìí. Òfin FIFA ní bí wọ́n bá fowó ra agbábọ́ọ̀lù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Látìgbà tí agbábọ́ọ̀lù Victor Osimhen ti kúrò ní akádẹ́mì Ultimate Strikers l'Ékòó lọ sí ẹgbẹ́ Wolfsburg lókè òkun lọ́dún 2017, oorun ò kun kóòṣì mọ́. Òfin kan náà ló ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 jókòó sílé, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Kóòṣì kì í dárúkọ ìyẹn. Mọ́mì náà kì í béèrè, ó ti ń wo ilẹ̀ tó máa fi kọ́lé alájà méjì.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ń béèrè bóyá wọ́n máa pín píọ́wọ́tà lónìí.