Àlejò Tó Mọ Ọbẹ̀ Ju Ọlọ́bẹ̀ Lọ

Bí ẹ bá rí òyìnbó bíi méjìlá tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọjà Lucas de Gálvez ní Mérida, olú ìlú Yucatán ní Mẹ́síkò, tí wọ́n dé fìlà koríko, tí wọ́n ń gbóòórùn gbogbo nǹkan tí wọn ò sì ra ohunkóhun, ẹ wo iwájú ìlà. Ẹni tó fara mọ́ amọ̀nà jù, tó ń mi orí kí amọ̀nà tó sọ̀rọ̀ débì kan, òun ni mo ní lọ́kàn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kò kàn wá. Ojúlówó la ó máa pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ojúlówó ni? Ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é láyé àtijọ́ nìyí? Ṣé àwọn ọmọ ìlú ń jẹ ẹ́, àbí torí tiwa ni wọ́n ṣe sè é?

Ojúlówó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, àwọn ọmọ ti kúrò nílé, orúnkún sì ṣì gbé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ló san fún ọ̀sẹ̀ kan péré: bọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ilé àwọn tó fi okùn henequen lówó nígbà kan rí, ọjà, ilé ìdáná, kànga àdáyébá tí wọ́n ń pè ní cenote, àti oúnjẹ Maya láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ má pè é ní ẹni tó wá gbafẹ́ o, inú á bí i. Àwọn tó wá gbafẹ́ wà ní Cancún, wọ́n ń sùn sójú oòrùn, wọ́n ń jẹ bọ́gà. Ẹ̀kọ́ ni tiẹ̀ wá kọ́. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ará Cancún ni ìwé kékeré kan tó máa ń fà yọ lápò kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Ẹni tó bá bá a jókòó nínú bọ́ọ̀sì ti rí nǹkan. Ní Mérida, Oaxaca, ìpínlẹ̀ Mẹ́síkò mìíràn, ló máa ń sọ, àti oríṣi ọbẹ̀ mole méje tí wọ́n ń sè níbẹ̀. Kì í ṣe pé Oaxaca dùn mọ́ ọn jù. Nígbà tó wà ní Oaxaca, Vietnam ló ń sọ. Ibi tó bá wà kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ àfi ìgbà tó bá kúrò níbẹ̀. Ó ti ka àwọn ìwé Diana Kennedy, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ Mẹ́síkò kó tó kú ní ọdún 2022. Ìwé gidi ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ojúlówó máa ń fi Kennedy bá àwọn obìnrin Yucatán fa ọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ ìyá wọn.

Níwájú àtẹ àwọn tó ń ta recado ni ẹ ti máa mọ̀ ọ́n dáadáa. Recado ni èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ kúná, tí wọ́n wá mọ ní ìṣù. Pupa wà, hóró pupa tí wọ́n ń pè ní achiote ló pọ̀ nínú rẹ̀. Dúdú wà pẹ̀lú: ata gbígbẹ ni wọ́n ń sun títí yóò fi jóná, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ mọ́ èròjà yòókù, òun ni wọ́n sì fi ń se relleno negro, ọbẹ̀ tòlótòló tó dúdú kirikiri. Ojúlówó fi ìka bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dijú. Ó ní òórùn èéfín rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ pọ̀ jù. Ó béèrè bóyá ọlọ ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ìyá tó ń tà á ní ẹ̀rọ ni. Ojúlówó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníbàárà tó fẹ́ ra recado lọ se oúnjẹ ọ̀sán ti ń wo aago. Kò rà á.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn Maya. "Àwọn Maya tó pòórá yìí," ni yóò wí, "kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an?" Níbi tó ti ń sọ ọ́, tortilla gbígbóná, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin Maya ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un kúrò lórí iná fún un. Èdè Maya ti Yucatán ṣì wà lẹ́nu èèyàn tó ju 700,000 lọ. Wọ́n ń fi í nájà, wọ́n ń fi í bá ọmọ wí, wọ́n ń fi í pe ara wọn lórí fóònù. Àwọn baba ńlá wọn kó kúrò ní ìlú olókùúta, wọn ò kó kúrò láyé. Ṣùgbọ́n Maya tí Ojúlówó sanwó wá wò kò gbọ́dọ̀ ní fóònù. Ní Chichén Itzá, ọ̀kan lára àwọn ìlú olókùúta yẹn, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gun òkìtì olókùúta ńlá ibẹ̀ mọ́, nítorí náà kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ti ń bi amọ̀nà léèrè ibi tí wọ́n ti ń din panucho, tortilla tí wọ́n há ẹ̀wà sínú rẹ̀, tó dáa.

Ilé ìdáná ni ibi tí ẹran wà lọ́rọ̀ Ojúlówó. Abúlé kan ni, lẹ́bàá Valladolid. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìyá tó ni ilé, doña ni wọ́n ń pè é, ti jí. Ihò wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, igi ti jó tán nínú rẹ̀, àwọn òkúta ti gbóná janjan. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti sùn mọ́jú nínú achiote àti omi ọsàn gànyìngànyìn, ó pọ́n yòò. Doña tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ìkòkò, ó kó ẹran lé e, ó tún fi ewé bò ó, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú ihò, wọ́n fi páànù dé ihò náà, wọ́n sì wa iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ihò yìí ni wọ́n ń pè ní pib, òun ló sọ cochinita di cochinita pibil.

Páànù ni Ojúlówó rí. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè kọ́kọ́ fi ewé bo páànù yẹn kí òun tó ya fọ́tò? Wọ́n fi ewé bò ó. Ó tún rí sítóòfù gáàsì lábẹ́ òrùlé, ó sún síwájú díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dí i. Nígbà tí ọmọ doña na ọwọ́ mú ìyẹ̀fun ọbẹ̀ adìyẹ, irú ohun tí gbogbo wa ń pè ní mágí láìka orúkọ ara páálí rẹ̀ sí, Ojúlówó yí ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ àgbàlá.

Kò tíì pẹ́ nínú ilé náà tó ti ń pe doña ní Abuela, ìyẹn Màmá Àgbà. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní àádọ́ta ọdún ni, Ojúlówó sì ti kọjá àádọ́rin. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá pe àbúrò rẹ̀ ní Màmá Àgbà, ìjà ló ń wá. Doña rẹ́rìn-ín, ó fi àga fún un.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àgbàdo. Alẹ́ àná ni doña ti bọ̀ ọ́ nínú omi cal, òkúta funfun jíjó tí wọ́n lọ̀ kúná, tó máa ń bó èèpo àgbàdo, tó sì ń jẹ́ kó ṣe ara lóore. Láàárọ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà, bí gbogbo ará abúlé ṣe ń ṣe. Ojúlówó ní ṣùgbọ́n ọlọ ńkọ́? Metate ńkọ́? Òun ti ka nípa metate. Amọ̀nà wo doña, doña wo amọ̀nà. Wọ́n gbé ọlọ jáde láti abẹ́ tábìlì, ó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀. Doña kúnlẹ̀, ó lọ ẹ̀kúnwọ́ kan, gbogbo fóònù gbéra sókè. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó bu àgbàdo tó ti ẹ̀rọ bọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ́ tortilla lọ. Tortilla tó ti ẹ̀rọ wá yìí ni Ojúlówó jẹ márùn-ún nínú rẹ̀, tó sì ní òun gbọ́ adùn òkúta lẹ́nu.

Bí wọ́n ti ń dúró de ẹran ni doña bi í léèrè, amọ̀nà ló túmọ̀, pé kí ni wọ́n ń sè nílé tiwọn. Ojúlówó tún ara ṣe. Ó ní oúnjẹ Thailand lọ́jọ́ Ajé, ti Ítálì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun sì ń kọ́ ti Kòríà báyìí. Doña ní, "Ìyẹn dáa. Ti ìyá yín ńkọ́?" Ojúlówó ronú. Ó ní ìyá ìyá òun wá láti Pólándì, ó máa ń se nǹkan kan tó ní kábéèjì nínú lásìkò òtútù, ó dùn gan-an ni. Kò sẹ́ni tó kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sílẹ̀.

Ìyọnu Ojúlówó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé queso relleno wá. Wàràkàṣì roboto láti ilẹ̀ àwọn Dutch ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Edam. Àwọn ará Yucatán máa ń há inú rẹ̀, wọ́n á fi ẹran lílọ̀ kún un, wọ́n á da ọbẹ̀ lé e lórí, ọjọ́ àríyá ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ojúlówó kọ̀ ọ́. Èyí kì í ṣe ti Maya, ó ní, àwọn oníṣòwò ló kó o wọ̀lú. Kò fẹ́ kibi náà, tí àwọn ọmọ Lẹ́bánónì gbé dé Yucatán, tó ti di oúnjẹ ojú pópó ní Mérida báyìí. Ó yí padà sí cochinita rẹ̀, oúnjẹ àwọn baba ńlá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ inú ìkòkò yẹn, àwọn ará Sípéènì ló kó o dé. Ọsàn gànyìngànyìn, àwọn náà ni. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ya fọ́tò rẹ̀ láti àárọ̀, òkun ló kọjá wá. Ìyàwó ilé tó kọ́kọ́ ju ẹlẹ́dẹ̀ àlejò sínú pib tí wọ́n ti ń sun ẹran ìgbẹ́ àti tòlótòló látijọ́ kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ojúlówó ni. Ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ata díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilé ni. Habanero tí Ojúlówó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni sọ̀rọ̀ ejò yìí, ìbátan ata rodo wa ni. Irúgbìn kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n sí, Capsicum chinense. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀, ọ̀kan dé Yucatán, èkejì wọkọ̀ òkun wá sọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n gbé xnipec síwájú rẹ̀: àlùbọ́sà, tòmátì, habanero, omi ọsàn kíkan. Amọ̀nà ní kó rọra. Ó ní òun jẹ ata ní Bangkok. Ó bu ṣíbí kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú ń ṣomi, etí ń hó, àmọ́ kò gbà fáta. Ó ń mi orí, ó ń ní ó ní adùn èso. Ọmọ ọdún méje kan tó jẹ́ ọmọ-ọmọ doña dúró tì í, ó ń bu irú rẹ̀ sórí tortilla tiẹ̀.

Ní ìlú Maní, wọ́n sọ fún wọn pé ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1562 ni àlùfáà Diego de Landa dáná sun ìwé àwọn Maya níbẹ̀. Ìwé àtijọ́ wọn tó ṣẹ́kù lágbàáyé lónìí kò ju mẹ́rin lọ. Gbogbo wọn dákẹ́. Ojúlówó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá poc chuc, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, ti ìlú yìí dára tó bí wọ́n ṣe ń sọ.

Bó bá jẹ́ ìparí oṣù Kẹwàá ló wá, ọ̀rọ̀ á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà Hanal Pixán nìyẹn, tí wọ́n ń ṣe oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ti kú. Wọ́n á se mucbipollo, àgbàdo pípò tó nípọn tí adìyẹ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ewé wé, tí wọ́n sì ń rì mọ́lẹ̀ sínú pib. Ní Mérida, ọ̀pọ̀ ló ń gbé tiwọn lọ sí ilé búrẹ́dì pé kí wọ́n bá àwọn sun ún. Ẹ má sọ fún Ojúlówó. Àwọn òkú ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ojúlówó dúró níwájú pẹpẹ, àbẹ́là ń jó, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi amọ̀nà bóyá òun lè tọ́ díẹ̀ wò kó tó tutù.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó ná huipil, aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe òdòdó sí lára, títí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ díẹ̀, ó sì ń yọ̀ torí owó tí kò tó ra kọfí nílùú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tó délé, ó ti ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wá jẹun.

Mi ò ní kó má lọ. Owó tí doña fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, irú Ojúlówó ló mú un wá, ó sì dáa ju kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì Cancún. Owó Ojúlówó dára. Etí rẹ̀ ni kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi: cochinita kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àwọn ará Mérida ń jẹ ẹ́, nínú búrẹ́dì tàbí tortilla, lórí ìdúró, pẹ̀lú àlùbọ́sà pupa tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn. Ẹ tètè jí, ẹ ra tiyín, ẹ sanwó, kí ẹ sì yàgò fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti tán.