Àgbẹ̀ Oòrùn Ọ̀sán Kan

Láti oṣù Bélú títí wọ Èrèlé, ẹ kò ní gbúròó rẹ̀ níta. Inú ilé ló wà, ní Thamesmead, ní Plumstead, tàbí lẹ́yìn ọjà Peckham, ó wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, ó ń ṣépè fún owó gáàsì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn mú lọ́sàn-án ọjọ́ kan péré nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti yọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú bàtà òjò tuntun, pẹ̀lú fìlà tó ti ṣá àti ọkọ́ kan tó fi aṣọ wé wá láti Ìsẹ́yìn nínú àpótí ìrìnnà. Á wo ojú ọ̀run. Á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Á ní, "Ìgbà oko dé."

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ìjọ, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní ìhà ibẹ̀ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní tirẹ̀. Nígbà míì wọ́n máa ń tó méjì, wọn kì í sì í kí ara wọn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ ata rodo. Bàbá Olóko ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí orúkọ tó fún ara rẹ̀ lórí WhatsApp nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni ìṣirò owó, tàbí bọ́ọ̀sì wíwà, tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń dáko láàárín ọdún. Àádọ́ta ọ̀sẹ̀ tó kù, ó ń sọ̀rọ̀ oko.

Ọdún 2021 ló dára jù láti fi wò ó. Ó ti lé lọ́dún kan tí Kòrónà ti há gbogbo ayé mọ́lé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà, aago sún síwájú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba yọ̀ǹda kí ènìyàn mẹ́fà pàdé níta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 30, ooru gun òkè dé 24.5°C ní Kew Gardens. Láti ọdún 1968, kò tíì sí ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn na ara sórí koríko láìwọ ẹ̀wù. Ní ti Bàbá Olóko, ibi tí wọ́n ti wọn ooru náà ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara jù. Kew! Ọgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ewéko ń ti ìpẹ̀kun ayé wá wò. Bí ibẹ̀ bá ní ó gbóná, ta ni yóò jiyàn?

"Mọ́mì, bá mi gbé omi kaná."

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ewédú ni."

"Nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Ẹ ti gbàgbé 2019 nìyẹn."

"Ti 2019 yàtọ̀."

Ti 2019 kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún náà, ooru dé 20.6°C ní Trawsgoed ní ilẹ̀ Wales. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òṣùwọ̀n máa kọjá 20°C nígbà òtútù ní gbogbo Bírítéènì. Lọ́jọ́ kejì, Kew yìí kan náà ké gbàjarè pẹ̀lú 21.2°C. Bàbá Olóko gbin àgbàdo. Oṣù Ẹrẹ́nà wọlé pẹ̀lú ìjì lórí ìjì, àwọn ẹyẹlé sì wá ń ṣa hóró àgbàdo náà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú hóró ewédú. Ó bu díẹ̀ sínú àkísà funfun, ó so ó ní kókó, ó rì í bọ omi híhó, ó ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, ó fà á yọ, ó sì kì í bọ omi tútù. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ó sì tọ̀nà, nítorí èèpo hóró ewédú le. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í hù bí omi gbígbóná kò bá kọ́kọ́ bà á. Ó tẹ́ hóró náà sórí pépà, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu kó lè gbẹ, ó wọ́n ọn sórí ebè. Gbogbo rẹ̀ pé, àfi ilẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló gbóná, ilẹ̀ kò tíì gbọ́. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Amọ̀ tó ti ń mumi láti ìgbà òtútù kì í sì í tètè gbóná, oòrùn ọjọ́ méjì kò tu irun kan lára rẹ̀. Ewédú ń fẹ́ ilẹ̀ tó ti tó nǹkan bí 20°C kó tó lè jí dáadáa. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, èyí tó wà lábẹ́ ọkọ́ Bàbá Olóko kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 10°C lọ. Ojú ọ̀run náà tún wà ńbẹ̀. Ojú ọ̀run tó mọ́ roro lọ́sàn-án, tó fi oòrùn sílẹ̀ kó jó bó ṣe wù ú, òun kan náà ló ń jẹ́ kí ooru ilẹ̀ sá lọ lóru, nítorí kò sí ìkùukùu tó máa bò ó. Ọ̀sán tó dùn jù nígbà ìrúwé ló sábà máa ń bí òru tó burú jù.

Ó wá jẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ ni lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ dáko ní Òkè-Ògùn títí ó fi dàgbà. Ní ibẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá dà, ilẹ̀ á rú òórùn, àwọn ọmọdé á sáré jáde, ará ìlú á máa kí ara wọn kú ewu ọ̀gbẹlẹ̀. Àgbà àgbẹ̀ á yọjú wo òjò náà, á sì padà lọ jókòó. Ó mọ̀ pé òjò kan lè rọ̀ kó má tún padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àgbàdo tó ti yọrí wá gbẹ dànù. Á pọ́n àdá, á kọ ebè, á ṣa irúgbìn, á wá dúró kí òjò fìdí múlẹ̀. Gbogbo èyí ni Bàbá Olóko fojú rí nígbà èwe. Ọ̀ọ́kán ló ti rí i, nítorí ọjọ́ oko ni orí máa ń fọ́ ọ.

Ohun tí ó fi ń dí àlàfo náà ni ọjà rírà. Ní 2020, wọ́n ti àwọn ilé ìtajà ọ̀gbìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa títí di ọjọ́ 13 oṣù Èbìbì. Lọ́dún 2021, wọ́n wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wà ní títì. Bàbá Olóko kò jẹ́ kí ìjọba kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ra ilẹ̀dú inú àpò, èyí tó pọ̀ tó láti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di agẹrù. Ó ra ìbọ̀wọ́, òṣùwọ̀n ọ̀rinrin, okùn aláwọ̀ ewé, àti igi kéékèèké tí wọ́n ń kọ orúkọ ewéko sí. Ó ra tòmátì tó ti ga tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, tí wọ́n pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn. Ta ló ń ta tòmátì fún ènìyàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Ẹni tó mọ Bàbá Olóko dáadáa ni.

Bàbá òyìnbó kan wà ní apá kejì ọgbà tó ti ń gbin ewébẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí àkọ́bí Bàbá Olóko. Ó bojú wo tòmátì náà, ó rọra sọ pé ìrì dídì ṣì ń bọ̀, pé kó kó wọn wọlé lóru tàbí kó fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n. Bàbá Olóko dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bó ṣe wọlé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn ń ba òyìnbó lẹ́rù." Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó wo Gardeners' World, ètò ọ̀gbìn orí BBC. Monty Don tó ń darí ètò náà nígbà náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, Bàbá Olóko sì ń mi orí sí i bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ.

Fọ́tò kò gbẹ́yìn. Ebè márùn-ún, ó dúró láàárín wọn, ọkọ́ léjìká, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ilẹ̀ kì í tan ni." Àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ́kù sí Ìsẹ́yìn, tó ń dáko tó fi ń jẹun, fèsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ebè nìyí àbí sàréè?" Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Bàbá Olóko kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó lọ fi ọwọ́ tẹ́ ebè náà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 2 oṣù Igbe, ó kó tẹ̀tẹ̀ tó ti ń tọ́ lójú fèrèsé ilé ìdáná láti Èrèlé jáde síta. Kò fi wọ́n mọ́ afẹ́fẹ́ ìta díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jáde fún wákàtí kan, kí wọ́n tún wọlé. Ọjọ́ kan náà ni ó ṣí wọn nípò pọ̀.

Oṣù Igbe 2021 ni ìrì dídì pọ̀ jù ní Bírítéènì fún ọgọ́ta ọdún ó kéré tán, láti 1922 sì ni òru oṣù Igbe kò ti tutù tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 12, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àwọn ilé ọtí padà fún ìjókòó ìta, yìnyín já bọ́ sórí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ti ń retí bíà láti oṣù Ọ̀pẹ jókòó nínú rẹ̀, wọ́n mu ún. Tòmátì Bàbá Olóko kò ní irú ìfaradà yẹn. Ewé rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bọ̀kìtì, bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ jù. Tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ó tẹ́ ní Thamesmead. Ewédú ní tirẹ̀ kò kú, nítorí kò fìgbà kankan wà láàyè. Láràárọ̀ ni olóko ń fi ìdí ṣíbí tú ilẹ̀ wò, bóyá ó ti fẹ́ yọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, hóró tó rí ti jẹrà.

Ẹ má retí kó sọ pé òun kánjú. Ẹjọ́ hóró ni, ó ní. Wọ́n ti dàgbà jù. (Kò sọ pé inú ìbọ̀sẹ̀ àna òun ni wọ́n ti wọ̀lú, nígbà tó jẹ́ pé òfin ní kí irúgbìn tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn.) Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ẹjọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àdúgbò ni. Nígbà tó di oṣù Èbìbì, tí òjò kò dákẹ́, ó kan ìgbín tí kò ní ìkarahun. Òun tó ń fi ìgbín ńlá jẹ iyán nílé wá ń fi tọ́ọ̀ṣì dọdẹ ọmọ ìgbín kéékèèké láàárín òru.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni ti ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò gbé ọkọ́. Ní àárín oṣù Igbe, ó bu ilẹ̀dú tó ṣẹ́kù sínú kọ́ọ̀bù yógọ́ọ̀tì, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i, ó gbé e sójú fèrèsé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òkudù ló tó gbé e síta. Ní oṣù Ògún, ó ń gé e, ó ń tún un gé, ó sì ń fún bàbá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ọgbà nínú rẹ̀. Kì í ṣe idán. Àwọn ará Jàmáíkà ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Birmingham tipẹ́, callaloo ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ Garden Organic sì fi odidi iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Sowing New Seeds ṣàkójọ ọgbọ́n àwọn tó ń gbin irú ewébẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ̀tẹ̀ lò. Kò kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Olóko bá bọ́ súwẹ́tà ni.

Bàbá Olóko kò jẹ lára tẹ̀tẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkàn rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìnkùlé. Ó ti gba fọ́ọ̀mù káńsù, ó fẹ́ ilẹ̀ ńlá. Òfin 1908 ló ní kí káńsù máa yá ará ìlú ní ilẹ̀ ọ̀gbìn, odidi ọ̀kan sì tó nǹkan bí 250 mítà onígun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń tò fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni yóò gbìn síbẹ̀, ó ní iṣu. Iṣu, tó ń lo oṣù méje sí mẹ́wàá nínú ilẹ̀ gbígbóná!

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má bá a jà. Bí oòrùn bá tún mú nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ kó àlùbọ́sà kéékèèké fún un, ẹ fún un ní broad beans àti pòtétò kó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn yẹn lè gba òtútù mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ á sì dí. Tòmátì kò gbọdọ̀ sùn síta títí oṣù Èbìbì á fi fẹ́ parí. Hóró ewédú, ẹ gbé e pamọ́ títí Òkudù á fi wọlé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìkòkò ló dára jù; kì í débẹ̀.